Iyọ̀ Tí Kò Hàn Nínú Àwòrán

"Ó tún ti pòórá!"

Haleemah ò mọ̀ pé ohùn òun ti jáde. Gbogbo yàrá kọ̀ǹpútà náà yíjú sí i, ojú sì tì í. Láti ìgbà tó ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìwádìí ní Yábàá, kò tíì béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni níbẹ̀.

"Kí ló pòórá, àbúrò?" Ẹ̀gbọ́n Ọláolú, tó ti ń ṣe irú iṣẹ́ yìí ṣáájú rẹ̀, ló béèrè.

"Iyọ̀ ni, sà."

"Iyọ̀ kẹ̀? Ọbẹ̀ wo lò ń sè níbí?"

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó wá ṣàlàyé. Kọ̀ǹpútà ń ṣírò bí omi ọ̀sà ṣe ń rìn lábẹ́ ilẹ̀ lọ sínú kànga àwọn èèyàn. Ó mọ bí omi ṣe jìn tó àti bó ṣe ń yára tó, ṣùgbọ́n kò mọ iyọ̀. Haleemah fúnra rẹ̀ ló ṣírò iyọ̀ kún èsì náà. Bó bá ya àwòrán gbogbo Èkó, iyọ̀ á hàn. Bó bá gé apá Ìgánmú dé Òtò nìkan jáde, omi á wà, iyọ̀ á lọ.

"Àwòrán yẹn gan-an ni ọ̀gá wa, Dókítà Adékẹ́mi, fẹ́ fi han àwọn àlejò lọ́sàn-án yìí. Bí ò bá sí, wọ́n á yọ iṣẹ́ mi kúrò."

Ọláolú fa àga wá. "Bó o bá gé e, kì í bù nínú ohun tó o ti ṣe. Ó ń padà síbi èsì àkọ́kọ́, níbi tí wọn ò ti mọ iyọ̀ ẹ rí. Bu ọbẹ̀ ẹ sínú abọ́ ná, kó o tó fi iyọ̀ sí i. Má wò mí bẹ́ẹ̀ o, èmi náà sunkún sí i lọ́dún tó kọjá. Àǹtí Fàósátù tó ṣáájú mi níbí ló kọ́ mi."

Haleemah gé e, ó wá ṣírò iyọ̀. Àwọ̀ pupa tó dúró fún iyọ̀ bẹ̀rẹ̀ létí ọ̀sà, ó rọra gòkè dé Òtò.

"Háà! Ẹ ṣeun, Ẹ̀gbọ́n. Ẹ ṣeun gan-an ni!" Ó ti wà lórí ìkúnlẹ̀.

"Dìde jọ̀ọ́, ilẹ̀ yìí ò mọ́. Tètè tẹ̀ ẹ́ jáde kí NEPA tó ṣe tiwọn."

Lọ́sàn-án, Dókítà Adékẹ́mi gbé àwòrán náà sókè. "Haleemah ló ṣe é o!" Àwọn àlejò pàtẹ́wọ́. Haleemah tẹrí ba gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Ìgbà tó gbójú sókè, ó rí Ọláolú lẹ́bàá ilẹ̀kùn, tó ń pàtẹ́wọ́ ju gbogbo wọn lọ.

Haleemah dìde. Ó nawọ́ sí Ọláolú.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà," ohùn rẹ̀ sì dé ẹnu ọ̀nà lọ́hùn-ún, "mi ò dá a ṣe."