Mẹ́dà Bàbá Lápá Òsì

Ì bá wù mí kí n sọ pé ẹni ẹlẹ́ni ló dójú tì wá lọ́jọ́ ìrántí ogun. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ni. Télọ̀ ni, Afínjú là ń pè é, torí kò sí aṣọ tó máa wọ̀ tí kò ní kọ́kọ́ bi dígí léèrè.

Ọ̀gá ológun ni bàbá wa. Lọ́jọ́ tí wọ́n ń sá padà lójú ogun, ó yí sẹ́yìn lọ gbé ọmọ-ogun kan tí ọta bà lẹ́sẹ̀, ó pọ̀n ọ́n bí ẹni pọn ọmọ títí wọ́n fi bọ́. Ohun tó fi gba mẹ́dà, àmì ẹ̀yẹ akọni, nìyẹn. Ogun ò rí i pa. Àìsàn kíndìnrín ló pa á lọ́dún tó kọjá, lórí ibùsùn, nígbà tó ti rù débi pé èmi ni mò ń pọ̀n ọ́n lọ sí balùwẹ̀.

Àwọn ológun ní òfin kan. Ẹni tó gba mẹ́dà ló ń fi í sí àyà òsì. Tó bá kú, ará ilé rẹ̀ lè wọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n apá ọ̀tún ni. Màmá rán wa létí láàárọ̀ ọjọ́ náà, Afínjú sì ń kùn pé apá òsì ló bá kóòtù òun mu.

Màmá ní, "Kóòtù ni tìẹ. Mẹ́dà kì í ṣe tìẹ."

Nígbà tí a fi máa dé gbọ̀ngàn ayẹyẹ, Afínjú ti gbé e sí òsì. Mo rí i. N ò fẹ́ ariwo, mo bá dákẹ́.

Wọ́n pe orúkọ Bàbá mọ́ ti àwọn tó gba mẹ́dà, Afínjú sì dìde. Bí ìyá arúgbó kan ṣe ń di àga mú bọ̀ lọ́dọ̀ wa nìyẹn, ojú rẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́. Ó na ọwọ́ sí àyà ẹ̀gbọ́n mi, ó fọwọ́ wá mẹ́dà náà kàn lápá òsì, ló bá kúnlẹ̀.

"Ọmọ mi ti sọ fún mi pé òsì ni ti ẹni tó ni ín," ó ní. "Ẹ̀yin lẹ bá mi pọn ọmọ mi. Òun náà ti di bàbá ọmọ báyìí. Ẹ ṣé, sà."

Ohun tí Afínjú máa sọ ò ju pé, ọmọ ẹni tó ni ín ni mí. Ṣùgbọ́n ayàwòrán ti gbé kámẹ́rà sójú. Ẹ̀gbọ́n mi na ọrùn, ó ní, "Ẹ dìde, ìyá. Iṣẹ́ mi ni mo ṣe."

Wọ́n ní ikú yá ju ẹ̀sín. Bàbá ti bá ikú lọ ní tirẹ̀, àwa la kù tí à ń jẹ ẹ̀sín. Ó ṣe mí bíi kí ilẹ̀ lanu gbé mi mì.

Màmá ò pariwo. Ó di ìyá náà lápá mú, ó ní, "Ẹ má bínú, ìyá. Ọkọ mi ló pọn ọmọ yín. Ọmọ rẹ̀ lẹ kúnlẹ̀ fún yìí."

"Òun náà ńkọ́?"

"Ó ti kú."

Ìyá náà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún bàbá wa bí ẹni pé àárọ̀ yẹn ló kú. Màmá jókòó tì í, wọ́n jọ ń sunkún rẹ̀. Àwa ọmọ tó ni òkú dúró lé wọn lórí, aṣọ wa ò rún, a ò sì mọ ibi tí a máa gbé ojú sí.