Àtẹ́wọ́ fún Àpáàdì

Àtẹ kan yẹ̀ lọ́wọ́ àbúrò, àwọn àwo tánganran orí rẹ̀ sì ń yọ̀ tẹ̀ lé ara wọn bí àgùntàn tó ń bọ́ sínú kòtò. Èyí tó ṣáájú balẹ̀, ó fọ́ yángá. Ìyókù fọ́ lé e lórí.

"Ẹ bá a yọ̀ o!" Baba Ìléru ké láti ìdí iná tó fi ń sun àwo.

"A bá ọ yọ̀!" ni gbogbo yàrá fi dáhùn, àtẹ́wọ́ sì ń dún kíkankíkan.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nílé-iṣẹ́ àwo yìí nìyẹn. Ẹnikẹ́ni tí nǹkan bá fọ́ mọ́ lọ́wọ́, wọ́n á pàtẹ́wọ́ fún un bí ẹni tó gba ẹ̀bùn níwájú ìjọ. Kò sí ẹni tó rántí ẹni tó dá a sílẹ̀. Ẹni tí wọ́n pa á fún lánàá ni ọwọ́ rẹ̀ ń dún jù lónìí. Ẹni tuntun á kọ́kọ́ fajú ro, nígbà tó bá yá, òun náà á máa rẹ́rìn-ín. Bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, á di ọṣẹ.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin wà nídìí tábìlì tirẹ̀, níbi tó ti ń fa ìlà búlúù sí etí àwo. Ó gbójú sókè láti wo àbúrò rẹ̀, ó sì rí i pé ojú òun kọ́ ni àbúrò ń wò. Ọwọ́ òun ló ń wò. Ọwọ́ méjèèjì ti pàdé ara wọn, búrọ́ọ̀ṣì àárín wọn sì ti ta ọ̀dà sí i láyà.

Òun náà ti pàtẹ́wọ́.

Àbúrò tú aṣọ iṣẹ́ nídìí, ó gba ẹ̀yìnkùlé jáde. Ẹ̀gbọ́n sáré tẹ̀ lé e. Láti ìgbà tí ọkọ àbúrò ti sùn nínú Olúwa, inú yàrá ló ń gbé, fèrèsé ní títì, kì í fẹ́ rí ènìyàn. Ẹ̀bẹ̀, àdúrà àti ààwẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n fi fà á jáde wá síbi iṣẹ́ lọ́sẹ̀ yìí. Bó bá padà sínú yàrá yẹn báyìí, ẹ̀gbọ́n mọ̀ pé kò sí ẹ̀bẹ̀ tí yóò tún mú un jáde.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin náà?"

"Mi ò mọ ìgbà tí ọwọ́ mi gbéra. Ọlọ́run gbọ́."

"Mo mọ̀ pé mi ò wúlò. Ẹ ò ṣẹ̀ṣẹ̀ ní láti kó ìjọ jọ wá jẹ́rìí sí i."

"Má sọ bẹ́ẹ̀, ọmọ ìyá mi."

"Ẹ jẹ́ n máa lọ sílé."

Ẹ̀gbọ́n wá ẹsẹ Bíbélì tó bá ọ̀rọ̀ náà mu. Wọ́n pọ̀ lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí èyí tí ẹnu rẹ̀ gbé. "Dúró títí wọn yóò fi lu agogo ìṣíwọ́," ló sọ níkẹyìn. "Lẹ́yìn ìyẹn, ohun tó bá wù ọ́ la ó ṣe. Mi ò níí bẹ̀ ọ́ mọ́."

Ẹ̀gbọ́n padà wọlé, ó kúnlẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa àpáàdì.

"Ìyá Ìlà Búlúù," Baba Ìléru ń pè é, "ṣé ẹ fẹ́ fi họra bíi Jóòbù ni?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n bá wọn rẹ́rìn-ín, ó sì ń ṣa á lọ. Nígbà tó ṣe, àbúrò wọlé, ó lọ jókòó sí àyè rẹ̀.

Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, ife kan bọ́ lọ́wọ́ obìnrin tó ń nu àwo. "Ẹ bá a yọ̀ o!" Ọwọ́ ẹ̀gbọ́n yún un bí egbò tó ń jinná. Ó fi gbá ìgbálẹ̀ mú.

"Kú ewu o. Ṣé kò gé ọ?"

Obìnrin náà wò ó bí ẹni tí wọ́n fi èdè àjèjì kí. "Rárá, mà. Ẹ ṣeun." Àtẹ́wọ́ dé àárín ọ̀nà, ó gbẹ.

Nígbà tí ọmọrí kan tún fọ́ nídìí àwọn tó ń di ẹrù, obìnrin onífe ti dìde lọ bá wọn ṣa á kí ẹ̀gbọ́n tó wá bàtà rẹ̀ rí. Àwọn kan ṣì pàtẹ́wọ́, ṣùgbọ́n wọ́n kọ́kọ́ wo ojú ara wọn.

Bí ọjọ́ ṣe ń rọ̀, abọ́ ńlá kan já bọ́ lọ́wọ́ Baba Ìléru fúnra rẹ̀. Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́. Baba dúró, ó sún èjìká jọ bí ọmọ iléèwé tó ń retí pàṣán.

Àbúrò ló kọ́kọ́ dìde. "Baba, ẹ rọra gbé ẹsẹ̀. Àpáàdì wà lábẹ́ bàtà yín."

"Ẹ ò níí bá mi yọ̀ ni?"

"Ẹ kú ewu, sà," obìnrin onífe dá a lóhùn.

Baba họ orí. "Ẹ jẹ́ n sòótọ́. Èyí tó fọ́ mọ́ mi lọ́wọ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá, inú eérú ni mo rì í sí. Àtẹ́wọ́ yín ló bà mí lẹ́rù."

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń lé e fún wa?" ẹnì kan bi í.

"Ẹni tó bá ń ké 'Olè!', wọn kì í tú àpò rẹ̀ wò."

Ẹ̀rín gba yàrá. Lẹ́yìn náà ẹnì kan tọwọ́ bọ àpò aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, ó yọ etí ife tó ti kán, ó gbé e sórí tábìlì. Ẹlòmíràn yọ tirẹ̀. Àwọn kan lọ kó tiwọn jáde nísàlẹ̀ àpótí.

Agogo lù. Ẹ̀gbọ́n ti ṣèlérí pé òun ò níí bẹ̀bẹ̀ mọ́, nítorí náà ó ń fọ búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀, ó ń fọ̀ ọ́ ṣáá, bó tilẹ̀ ti mọ́.

"Ẹ̀gbọ́n mi." Àbúrò wà nídìí iná, ó ń gbálẹ̀. "Ìgbálẹ̀ yìí ti gé tán. Tá a bá ń bọ̀ lọ́la, ẹ jẹ́ ká mú tilé dání."

Ó ti pẹ́ tí ẹ̀gbọ́n ti ń bẹ Olúwa pé kó rán ẹnì kan sí àbúrò òun, ojú ọ̀nà ló sì ń wò. Ó wo yàrá náà yíká. Gbogbo wọn ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n ń wá àpáàdì wẹ́wẹ́ lábẹ́ tábìlì, kò sì sí ẹni tó pè wọ́n síbẹ̀.

"A ó mú un dání," ló wí.