Ìdajì Kílò

"Merv, ìgbà wo ni rọ́kẹ́ẹ̀tì ọmọ ẹ máa gbéra?"

Kevin Pascoe ló pariwo bẹ́ẹ̀ láti ẹ̀yìn gbọ̀ngàn, ilé sì bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀sán Sátidé ni. Àwọn ará ìlú kún kílọ́ọ̀bù àwọn awakùsà dé ẹnu ọ̀nà, bíà lọ́wọ́ wọn, torí Loveday Trezise, ọmọ ìlú wọn tó di onímọ̀ ìjìnlẹ̀, fẹ́ sọ ohun tí òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ń wá nísàlẹ̀ ihò wúrà àtijọ́. Merv bàbá rẹ̀, tó lo ayé rẹ̀ nínú ihò yẹn kan náà, jókòó níwájú, ó wọ kóòtù. Ó ti pẹ́ tó ti ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ pé ọmọ òun máa fi èròjà òkùnkùn, ohun àìrí tí wọ́n ń wá yìí, ṣe epo rọ́kẹ́ẹ̀tì tó máa dé ibi ìràwọ̀.

 Loveday lè ní "bóyá lọ́jọ́ iwájú," kí bàbá rẹ̀ sì lọ sílé láìsí ìtìjú. Ó wo bàbá rẹ̀, ó sì mọ̀ pé òun ò lè purọ́ lójú rẹ̀.

"Kò ní gbéra," ó ní. "Èròjà yẹn wà o. Ìwúwo rẹ̀ ni kò jẹ́ kí àwọn ìràwọ̀ tú ká. Ó ń gba inú wa kọjá báyìí, ó ń gba inú àpáta, kì í sì í dúró. A ò tíì rí ẹyọ kan mú. Ká tiẹ̀ ní a rí i mú, gbogbo èyí tó wà nínú ilẹ̀ ayé tá a dúró lé yìí látòkè délẹ̀ lásìkò kan, kò ju bí ìdajì kílò lọ. Ta ló máa fi ìyẹn dé ibi ìràwọ̀?"

"Merv, ọmọ ẹ ti tú àṣírí ẹ o!" Kevin tún pariwo.

Merv dìde. Eruku àpáta ti ba ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ jẹ́, nítorí náà ó kọ́kọ́ mí dáadáa.

"Loveday, ṣé ìwọ lo ṣírò ìdajì kílò yẹn fúnra ẹ?"

"Èmi ni, Dádì. Àwọn ẹlòmíì náà ṣírò ẹ̀, ibì kan náà la já sí."

Merv yíjú sẹ́yìn. "Kevin, o gbọ́? Ọmọ mi ti gbé gbogbo ayé sórí òṣùwọ̀n. Ìwọ ò tíì wọn ẹja tó o pa rí kó o má purọ́ nípa ìwọ̀n ẹ̀."

Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ ká òrùlé kúrò. Kevin gan-an rẹ́rìn-ín títí omi fi dà lójú rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n jáde, Merv na apá fún ọmọ rẹ̀ kó di òun mú, ohun tí kì í gbà fún ẹnikẹ́ni.

"Mo rò pé ojú máa tì yín ni," Loveday ní.

"Ojú tì mí kẹ̀? Rọ́kẹ́ẹ̀tì ni mo ń pè é torí wọ́n mọ rọ́kẹ́ẹ̀tì. Mi ò mọ bí mo ṣe máa sọ fún wọn pé ò ń wá ohun tẹ́nì kan ò rí rí."

Ó dúró, ó tún mí. Àwọn èèyàn ń kọjá, wọ́n ń kí wọn, ó sì ń dá gbogbo wọn lóhùn. Loveday gbé orí sókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò sì kánjú.