Ìyá Mi Kò Bèèrè Àwọ̀

Dúdú dídán. Ṣíọ̀! Dúdú dídán ni àbúrò mi fẹ́ kùn sára irin ìdìmú àtẹ̀gùn ìta, lórí ìpẹtà, láìfá, láìnù... bí ẹni ń fi àtíkè bo egbò. "Ẹ̀gbọ́n mi, gbogbo ọ̀dà lọ̀dà." Èmi ló sọ ọ́ fún! Èmi tí mò ń ta ọ̀dà láti ìgbà tí òun ṣì ń wọ ṣòkòtò péńpé lọ sílé ìwé. Wọn ò kúkú pè é ní Kíákíá lásán. Ohunkóhun tó bá ti ń gba sùúrù, ó ti sú u.

Wẹ́dà ò ní í pẹ́ dé, èmi ni mo pè é, mi ò sì tíì mọ ọ̀nà tí a máa gbà tún irin náà ṣe. Òkun ò jìnnà síbí. Afẹ́fẹ́ oníyọ̀ ń jẹ irin yìí bí ikán ṣe ń jẹ igi, tó bá sì lọ dá mọ́ Màámi lọ́wọ́ lọ́jọ́ tí wọ́n fara tì í... Rárá o. Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́. Àtẹ̀gùn yẹn ga. Arúgbó kì í já bọ́ látibẹ̀ kó tún dìde.

Ká tú u, ká lọ rì í sínú síńkì yíyọ́? Ìyẹn ló lálòpẹ́ jù. Àmọ́ irin náà á pẹ́ lọ́hùn-ún kó tó padà, àtẹ̀gùn á wà ní ìhòòhò, kí ni Màámi máa wá dì mú? Àbí ká fá a níbi tó wà, kó mọ́ tónítóní, ká fi ọ̀dà síńkì ṣe ìpìlẹ̀, ká fi ọ̀dà oníkòròbá méjì lé e, èyí tí à ń pò pọ̀ tó sì ń le bí òkúta, lẹ́yìn náà ká fi èyí tí oòrùn ò lè ṣá bò ó? Ìyẹn náà dáa. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ni, ta ló sì fẹ́ ṣiṣẹ́? Akunlé tó wá wò ó lánàá ní òun ò ní í fá nǹkan kan, pé ọ̀dà á dì í mú. Á dì í mú! Ìpẹtà lọ̀dà ẹ máa dì mú, ìpẹtà á sì ṣí tòun tọ̀dà. Òpònú.

Ìkan náà ni gbogbo wọn. Wọ́n á wọ ṣọ́ọ̀bù mi, wọn ò ní í bèèrè bóyá òjò á máa pa irin wọn, wọn ò ní í bèèrè ohun tó yẹ kó wà lábẹ́. "Àwọ̀ wo lẹ ní?" Àwọ̀! Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Ní tàwọn wọ̀nyí, ojú ni wọ́n fi ń tan ara wọn jẹ.

Màámi nìkan ni kò bèèrè àwọ̀. Mo kó irin pẹlẹbẹ méjì tí mo ti kùn lọ bá wọn lórí àga, ọ̀kan dúdú, ọ̀kan àwọ̀ ewé. Wọ́n fi àtàǹpàkò ra wọ́n. "Èyí ò yọ̀. Èyí ni kẹ́ ẹ kùn." Àwọ̀ ewé ni wọ́n mú. Inú mi dùn, ẹnì kan ṣì ní làákàyè nínú ilé yìí. Nígbà tó dìrọ̀lẹ́, Kíákíá ní, "Màámi, ẹ ò rí i pé dúdú yẹn dáa jù?" Ni wọ́n bá ní, "Ṣé dúdú kọ́ ni mo mú ni?" Mo pòṣé. Àgbà ti ń dé, wọn ò mọ ohun tí wọ́n fẹ́ mọ́.

Àti kókó yẹn! Níbi tí àtẹ̀gùn ti yà, lójú ibi tí wọ́n ti jó irin pọ̀, ìpẹtà ti wú síbẹ̀ bíi gẹ̀gẹ̀. "Ẹ má fá ibẹ̀ yẹn o. Ẹ fi í sílẹ̀ fún mi." Ẹ gbà mí, ìpẹtà ni Màámi ń tọrọ! Kí lèèyàn ń fi kókó ìpẹtà ṣe? Ibẹ̀ gan-an ni wẹ́dà máa kọ́kọ́ lọ̀, kò ní í sí—

Ilẹ̀kùn òkè ṣí. Màámi nìyẹn, wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀. Mo jókòó sísàlẹ̀ níbí láàárín agolo ọ̀dà, aṣọ pupa tó ń pariwo ni mo wọ̀, oòrùn ń ràn sí mi lára. Lójoojúmọ́, ohùn mi ló máa ń ṣáájú mi wọlé. Lónìí mi ò sọ̀rọ̀. Àwọn náà ò kí mi. Wọ́n ń bínú nítorí kókó wọn ni. Kí wọ́n máa bínú.

Ọwọ́ wọn ń fà bọ̀ lórí irin. Ojú wọn ń wo ọ̀ọ́kán, kò wo ẹsẹ̀. Ọwọ́ ń bọ̀, ó ń bọ̀... ó kan kókó. Ó dúró. Àtàǹpàkò wọn yí i po. Ìgbà yẹn lẹsẹ̀ tó yà.

Kí ni mo rí yẹn?

Kókó ló sọ fún ẹsẹ̀ pé... Ṣé dúdú kọ́ ni mo mú? Èyí ò yọ̀. Ẹ fi í sílẹ̀ fún mi. Wọn ò bèèrè àwọ̀. Wọn ò bèèrè àwọ̀ rárá! Láti ìgbà wo? Màámi, láti ìgbà wo? Èmi tí mo lè wo irin kí n mọ ohun tó ń jẹ ẹ́ lábẹ́ ọ̀dà, èmi tí mò ń kúnlẹ̀ kí wọn láràárọ̀...

Wọ́n ti délẹ̀. Bí mo bá na ọwọ́, á kàn wọ́n. Wọ́n gbọ́ ìró agolo lẹ́sẹ̀ mi, wọ́n gbójú sókè, wọ́n rẹ́rìn-ín sí mi bí ẹni ń rẹ́rìn-ín sí àlejò.

"Ẹ káàárọ̀ o. Ẹ̀yin ni wẹ́dà, àbí? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi kókó yẹn sílẹ̀, kí ọmọ mi obìnrin tó dé."