Àtùpà Ẹnu Kànga

Ẹ má pè mí ní olóríire mọ́. Mo ti bẹ àwọn ará àdúgbò, mo ti bínú sí wọn, etí ikún ni wọ́n kọ sí i. Kò-tíì-yá ni wọ́n ń pè mí. Bíríkìlà kan ló sọ mí bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ tí ògiri wó lù mí, tó jẹ́ pé ojú fèrèsé ló bọ́ sí ibi tí mo dúró gan-an. Mo dìde láàárín ẹrùpẹ̀, mo ń gbọn irun, ó ní, "Ti eléyìí ò tíì yá o." Ṣáájú ìyẹn, ọkọ̀ akẹ́rù já sódò gẹ́rẹ́ tí mo sọ̀ kalẹ̀ lọ tọ̀.

Olùkọ́ kan tó ti fẹ̀yìn tì, tí a gbẹ́ kànga fún, fẹ́ràn láti máa fi mí pìtàn. Ó ní láyé àtijọ́, atukọ̀ kan wà tí ọkọ̀ ń rì mọ́ lábẹ́ ẹsẹ̀ léraléra, tí òkun á sì tún gbé e jù sí etí omi láàyè, àfi ìgbà tó darúgbó tó fẹsẹ̀ kọ ẹnu ọ̀nà ilé ara rẹ̀ tó sì kú. Àwọn tó ń gbọ́ ọ rẹ́rìn-ín. Mo bi í pé ta ló ń rán bàbá yẹn lọ sójú omi ṣáá? Ó ní ìtàn ò sọ. Ìtàn ò ní sọ.

Kànga ni èmi àti àbúrò mi ń gbẹ́, ọmọ ìyá mi ni o. Èmi ni mo fà á wọ iṣẹ́ náà nígbà tí kò rí nǹkan kan ṣe. Èmi ń wọ inú, òun ń di okùn mú lókè. Tó bá jẹ́ kànga àtijọ́ tí wọ́n ti dé pa la fẹ́ tún ṣe, a kì í ṣàdédé wọ̀ ọ́. Ẹni òkè á tan àtùpà, á fi okùn sọ ọ́ kalẹ̀ dé ìsàlẹ̀. Bí iná ò bá kú, èèyàn lè mí níbẹ̀. Bó bá kú, afẹ́fẹ́ burúkú ló wà níbẹ̀ nìyẹn. Kí wọ́n ṣí i sílẹ̀ kó gba atẹ́gùn, kí oníṣẹ́ lọ sùn sílé rẹ̀.

Nígbà tí orúkọ mi wá di ńlá, àbúrò mi bẹ̀rẹ̀ sí í dá àpárá. Bí mo bá ní kó sọ iná kalẹ̀, á ní kí la fẹ́ fi àtùpà ṣe, ṣebí ẹ̀gbọ́n òun gan-an ni àtùpà. Àwọn onílé á rẹ́rìn-ín. Èmi náà á rẹ́rìn-ín, èmi òmùgọ̀. Inú mi ń dùn pé ó ń fi mí yangàn. Síbẹ̀, mi ò wọ kànga àtijọ́ kankan rí láìbi í, á sì ní òun ti sọ ọ́ kalẹ̀, iná ń jó.

Bẹ́ẹ̀ náà ló sọ nídìí kànga àtijọ́ kan lẹ́yìn ilé alápatà kan. Alápatà ń kánjú, ó ti ní bí a ò bá bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ náà, òun á pe àwọn mìíràn. Mo lọ pààrọ̀ aṣọ, mo padà dé, mo bi àbúrò mi, ó ní iná ń jó. Mo wọ̀ ọ́. Mi ò tíì dé ìsàlẹ̀ tí òòyì fi bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ mi, àyà mi há, ẹsẹ̀ mi kọ iṣẹ́. Mo fẹ́ mi okùn kí àbúrò mi lókè mọ̀, ọwọ́ ò gbé. Orí ló ní kí alápatà yọjú wo iṣẹ́. Ó bá àbúrò mi níbi tó ti ń fa okùn tí kò lè fà á. Apá tó ń gbé màlúù ló gbé mi jáde. Gbogbo ilé ń pariwo Kò-tíì-yá. Àbúrò mi sunkún ju gbogbo wọn lọ. Èmi tí mo fẹ́rẹ̀ẹ́ kú ni mò ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún.

Ìyá alápatà, ìyá àgbà tó máa ń jókòó sí ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn, bu omi fún mi. Ó ní ó ya òun lẹ́nu pé mo tún wọ ihò yẹn lẹ́yìn tí iná ti kú. Mo ní iná wo? Ó ní àtùpà tí àbúrò mi sọ kalẹ̀. Ó kú, ó fà á jáde, ó tún un tàn, ó tún kú. Òun rò pé bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn.

Mo gbé omi náà kalẹ̀.

Nígbà tí a délé, mo bi í. Kò jiyàn.

"Ẹ̀gbọ́n, wọ́n fẹ́ gbé iṣẹ́ yẹn fún ẹlòmíràn. Ẹ̀yin náà sì mọ̀ pé nǹkan kan kì í ṣe yín."

"Tó bá jẹ́ ìwọ lo fẹ́ wọ̀ ọ́ ńkọ́?"

Ó dìde, ó lọ kó irinṣẹ́ wọlé.

Ó dùn mí o. Ó dùn mí ju ògiri lọ. Mo wá ń ro àtẹ̀yìnwá. Ọkọ̀ tó já sódò, ta ló ní kí n bá ẹrù lọ, pé òun ń bọ̀ lẹ́yìn? Ògiri tó wó, ta ló ní kò sí nǹkan tó máa ṣe é, kí n gba abẹ́ rẹ̀ kọjá? Bí ikú ilé ò bá pani, tòde ò lè pani. Gbogbo èèyàn ló ń sọ bí mo ṣe ń jáde. Kò sẹ́ni tó bèèrè ẹni tó ń tì mí wọlé.

Ìyá wa bẹ̀ mí títí. Ó ní bí a bá ránṣẹ́ ìjà sí ọmọ ìyá ẹni, ta la fẹ́ ránṣẹ́ ire sí? Mo gbà. Nígbà tí olùkọ́ ní kí a wá tún kànga àtijọ́ iwájú ilé rẹ̀ ṣe, àwa méjèèjì la jọ lọ. Àbúrò mi lọ pààrọ̀ aṣọ. Mo tan àtùpà, mo sọ ọ́ kalẹ̀, mo fà á jáde, mo gbé e sẹ́bàá ẹsẹ̀ mi. Nígbà tó dé, mo na okùn ìdí sí i, mo ní òun ló máa wọ̀ ọ́ lónìí.

Ó so ó mọ́ ìdí. Ó gbé ẹsẹ̀ kan lé etí kànga, ó dúró.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ti sọ iná kalẹ̀?"

"Mo ti sọ ọ́ kalẹ̀. Iná ń jó."

Ó wo àtùpà. Ó wá wo ojú mi, ó wò ó pẹ́. Lẹ́yìn náà ló gbé ẹsẹ̀ kúrò létí kànga, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú okùn náà nídìí. Ó ní inú ń run òun.

Iná yẹn jó o. Ó jó kedere títí dé ojú omi. Mi ò purọ́ fún ọmọ ìyá mi rí. Olùkọ́ ń pè mí lẹ́yìn, Kò-tíì-yá, Kò-tíì-yá, ṣé kò sí nǹkan? Mo ká okùn mi, mo gbé e kọ́ èjìká, mo sì fi àtùpà sílẹ̀ fún àbúrò mi.