Ìka Agbókè

Ìyá Ọ̀dà já búrọ́ọ̀ṣì gbà lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀, ó jù ú sínú omi. Omi ta sí ṣẹ́ẹ̀tì ọ̀gá.

"Ẹ má kun ojú ẹni tí ẹ ò mọ ìyá rẹ̀!" ni Ìyá Ọ̀dà pariwo.

Ọ̀sán yìí ni ìwé àwòrán tuntun gbọ́dọ̀ wọ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Ogún ọdún ni akọni inú rẹ̀, Agbókè, ti ń fi èjìká gbé afárá tó wó, tí ẹnikẹ́ni ò rí ojú rẹ̀ rí, nítorí akoto irin tó dé. Lónìí ló máa ṣí i. Ìyá Ọ̀dà, tó ń kun gbogbo àwòrán ilé-iṣẹ́ náà, ti fa ìgò ọ̀dà kẹrìnlá, àwọ̀ ara adúláwọ̀, sún mọ́ra. Ìgò mẹ́sàn-án irú rẹ̀ ló wà lábẹ́ tábìlì rẹ̀. Wọ́n máa ń bi í bóyá ilé ọkọ ló fẹ́ fi kùn.

"Òyìnbó ni Agbókè," ni ọ̀gá wí, ó ń nu àyà. "Ìbọ̀wọ́ rẹ̀ ya nínú ìwé kejìlá, gbogbo ayé rí ìka rẹ̀. Ṣé ẹ fẹ́ kí wọ́n pè mí ní òpùrọ́ ni?"

Atẹ̀wé tó dúró lẹ́nu ọ̀nà rẹ́rìn-ín. "Ìyá Ọ̀dà, ẹ ò lè bá ìka jiyàn o."

Láti yàrá ìyàwòrán dé géètì ni wọ́n ti ń bẹ̀rù ẹnu Ìyá Ọ̀dà, ṣùgbọ́n ó kàn yọ búrọ́ọ̀ṣì jáde nínú omi. Ó mọ ẹni tó kun ìka yẹn. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ rẹ̀ níbi iṣẹ́ ni. Ọ̀dà kẹrìnlá tán, ojora mú un, kò lè sọ, ó bá fi ẹ̀kẹta, àwọ̀ ara òyìnbó, dí i. Ìka bíńtín, ta ni yóò rí i? Bàbá Ayàwòrán tó dá Agbókè sílẹ̀ ti dùbúlẹ̀ àìsàn nígbà náà, kò sì dìde mọ́.

Bó bá sọ ọ́, wọ́n lè lé e. Bó bá dákẹ́, ojú rẹ̀ báyìí ni wọ́n á ṣe fa Agbókè lé ìdílé mìíràn lọ́wọ́.

"Ẹ dúró dè mí."

Ó wọ yàrá ìkẹ́rùsí, ó tú páálí mẹ́ta, ó sín, ó ṣépè fún eruku, ó sì gbé ojúlówó àwòrán ìwé kejìlá jáde. Bàbá Ayàwòrán a máa fi pẹ́ńsù kọ nọ́ńbà ọ̀dà sí etí bébà, kí ẹni tó ń kùn ún má ṣìnà.

"Ẹ kà á."

"Ìka: kẹrìnlá." Ọ̀gá gbójú sókè. "Ta ló wá kun ẹ̀kẹta?"

"Èmi ni."

Atẹ̀wé wọlé wá láti ẹnu ọ̀nà kó lè fojú ara rẹ̀ rí i.

"Ẹ lé mi tó bá wù yín. Ṣùgbọ́n àṣìṣe mi ò lè di baba ọmọ ọlọ́mọ! Ẹni tó bí i ló fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ síbẹ̀."

Ọ̀gá fi ìka tọ ohun tí wọ́n fi pẹ́ńsù kọ náà. "Ẹ̀yin lẹ máa kọ àlàyé sí ojú ìwé àkọ́kọ́," ló wí, "kẹ́ ẹ sì fọwọ́ sí i. Ó yá, ẹ kun ọmọ yín. Ọ̀sán ń bọ̀."

"Màá kọ ọ́ gàdàgbà!"

Búrọ́ọ̀ṣì bọ́ sẹ́nu iṣẹ́. Iwájú orí yọ, ẹ̀rẹ̀kẹ́ yọ, ẹ̀rín yọ lẹ́nu Agbókè. Atẹ̀wé pàtẹ́wọ́ tó fi ń fò sókè.

Ìyá Ọ̀dà dé ìgò rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ láti dá a padà sáàárín àwọn yòókù. Ó dúró síbẹ̀. Láti ọ̀sẹ̀ tí ọ̀dà kẹrìnlá ti tán mọ́ ọn lọ́wọ́ ló ti ń sọ fún wọn pé òun kàn fẹ́ràn kí ọjà pọ̀ nílẹ̀ ni. Òun fúnra rẹ̀ ti gbà á gbọ́.