Abẹ́rẹ́ Tí Jákì Kò Gbà

Yàrá mẹ́jọ ló wà nínú ilé tí Báyọ̀dé ń gbé ní Ìgándò, mẹ́rin kọjú sí mẹ́rin, ọ̀dẹ̀dẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló là wọ́n láàárín. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn náà ló ń so Jákì, ajá rẹ̀, mọ́. Ìgbà tí olè já ilẹ̀kùn rẹ̀, tí wọ́n gbé tẹlifíṣọ̀n lọ, ló lọ ra ọmọ ajá náà. Lánlọ́ọ̀dù ò kọ́kọ́ gbà. Nígbà tó yá, ó ní kò burú, bí Báyọ̀dé á bá máa so ó mọ́lẹ̀, tí á máa palẹ̀ ìgbẹ́ rẹ̀ mọ́, tí á sì máa mú un lọ gba abẹ́rẹ́ dìgbòlugi lọ́dọọdún.

"Mo ti gbọ́, sà," ni Báyọ̀dé wí.

Ó gbọ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n aago márùn-ún àárọ̀ ló ń jáde lọ síbi iṣẹ́ ní Ìkẹjà, ilẹ̀ á sì ti ṣú kó tó padà dé. Lọ́dún kìíní, ó ní ó di Sátidé tó ń bọ̀. Nígbà tó di ọdún kejì, kò tilẹ̀ dárúkọ Sátidé mọ́. Ajá á wà lórí ìso látàárọ̀ dalẹ́, á máa gbó ẹni tó ń wọlé, á máa gbó ẹni tó ń jáde, títí ohùn rẹ̀ á fi há.

Ẹnì kan ṣoṣo tó ń ṣàánú rẹ̀ ni Bàbá Nùrẹ́nì, bíríkìlà ará Ògbómọ̀ṣọ́ tó ti fẹ̀yìn tì. Yàrá tó kọjú sí ti Báyọ̀dé ni bàbá ń gbé pẹ̀lú Sìdíkátù, ọmọ rẹ̀ obìnrin, àti Mardiyah, ọmọ tí Sìdíkátù bí, tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà. Bàbá kì í fọwọ́ kan ajá nítorí àlùwàlá rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀sán tí kì í bu omi sí abọ́ Jákì, kó sì ju eegun sí i.

"Ẹni tó bá so ẹran mọ́lẹ̀ ti dí ọ̀nà oúnjẹ mọ́ ọn," ni bàbá máa ń wí. "Olúwarẹ̀ ló gbọ́dọ̀ gbé oúnjẹ wá bá a."

Lọ́jọ́ kan, okùn já. Jákì sá lọ sí ààtàn ẹ̀yìnkùlé, ó bá àwọn ajá ìgboro jà níbẹ̀. Báyọ̀dé rí ọgbẹ́ lọ́rùn rẹ̀, ó fi omi iyọ̀ nù ún, ó tán. Lẹ́yìn nǹkan bí oṣù kan, ajá kò jẹun mọ́. Itọ́ ń ṣe yàà lẹ́nu rẹ̀. Ọ̀sán Sátidé kan, bí Bàbá Nùrẹ́nì ti bẹ̀rẹ̀ láti bu omi sí abọ́, Jákì gé e jẹ lọ́wọ́.

Happiness, tó ń ta oògùn ní ṣọ́ọ̀bù iwájú ilé, fi ọṣẹ fọ ojú ọgbẹ́ náà. Ó yíjú sí Báyọ̀dé.

"Bọ̀dá, ṣé ajá yìí ti gba abẹ́rẹ́?"

Gbogbo ará ilé ti pé sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Lánlọ́ọ̀dù náà wà láàárín wọn. Báyọ̀dé rò ó pé bí òun bá ní rárá, wọ́n á ní kí òun kẹ́rù òun jáde.

"Ó ti gbà á," ló wí. "Káàdì rẹ̀ wà ní yàrá mi."

"Ẹ mú un wá ká wò ó."

Bàbá Nùrẹ́nì ló dá Happiness lóhùn. "Fi í sílẹ̀ jàre. Ọmọ yìí ò ní purọ́ fún mi. Ọgbẹ́ ọ̀hún ò kúkú jìn."

Lọ́jọ́ kẹta, Jákì kú. Báyọ̀dé dì í sínú àpò sìmẹ́ńtì, ó lọ sin ín sí ilẹ̀ òfìfo kan. Ó sọ fún ará ilé pé òun ti fi ajá náà fún ọ̀rẹ́ òun kan ní Abúlé Ẹ̀gbá. Inú gbogbo wọn dùn. Bàbá nìkan ló béèrè bóyá ẹni náà ń rántí fún un lómi.

Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ keje, ọwọ́ tí ajá gé jẹ bẹ̀rẹ̀ sí í ta bàbá bí ẹni pé wọ́n ń fi ẹ̀gún gún un. Ibà ni wọ́n pè é. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin, Sìdíkátù gbé omi fún un, ọ̀fun rẹ̀ sún kì, gbogbo ara rẹ̀ ń gbọ̀n, ó ní kí wọ́n gbé omi náà kúrò níwájú òun. Báyọ̀dé ló gbé e sínú kẹ̀kẹ́ lọ sí ọsibítù, Sìdíkátù àti Mardiyah bá wọn lọ.

"Ṣé ajá ti gé e jẹ rí?" ni dọ́kítà béèrè.

"Bẹ́ẹ̀ ni," Sìdíkátù dáhùn, "ṣùgbọ́n ajá yẹn gba abẹ́rẹ́."

"Ṣé ó fara kan ẹlòmíràn?"

"Ọmọ mi yìí. Ó fi èékánná ha á lójúgun lọ́sẹ̀ yẹn kan náà, ó sì lá a."

Dọ́kítà wo Báyọ̀dé. "Ẹ lè mú káàdì rẹ̀ wá?"

Mardiyah jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó ń ju ẹsẹ̀ síwá sẹ́yìn. Báyọ̀dé wo ẹsẹ̀ náà.

"Kò sí káàdì," ló wí. "Kò gba abẹ́rẹ́ rí. Ajá náà ti kú, èmi ni mo sin ín."

 Sìdíkátù gbé ọmọ rẹ̀ mọ́ra, ó sì sún kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ Báyọ̀dé. Dọ́kítà ní àrùn náà kò tíì hàn lára ọmọ, kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ abẹ́rẹ́ rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ní ti bàbá, ó ní bí dìgbòlugi bá ti fara hàn báyìí, oògùn ò ràn án mọ́.

Bàbá Nùrẹ́nì kú lọ́jọ́ kejì. Báyọ̀dé lọ sí itẹ́ òkú, ó dúró lẹ́yìn pátápátá. Kò sẹ́ni tó ní kó máa lọ, kò sì sẹ́ni tó kí i. Nígbà tí wọ́n dé, lánlọ́ọ̀dù ní kó wá ilé mìíràn.

Gbogbo ọjọ́ tí Mardiyah ní abẹ́rẹ́ ni Báyọ̀dé máa ń wà lẹ́nu géètì ọsibítù kí wọ́n tó dé, kì í sún mọ́ wọn. Lọ́jọ́ tó gba èyí tó kẹ́yìn, ó rọra sún mọ́ Sìdíkátù.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ foríjì mí."

"Mo gbọ́," ni Sìdíkátù wí, kò wojú rẹ̀. "Ọmọ mi ti parí tiẹ̀. Ẹ má wá síbí mọ́."

Mardiyah juwọ́ sí Báyọ̀dé. Ìyá rẹ̀ rọra mú ọwọ́ náà wálẹ̀, wọ́n bọ́ sínú kẹ̀kẹ́, wọ́n lọ.